Run: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì Kan Lẹ́nu Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe kéékèèké inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀ tó ti run. Peter Gilliver, ọ̀kan lára àwọn olóòtú atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford, lo nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Nígbà tó fi máa parí iṣẹ́, ìtumọ̀ 645 ló ti tò sílẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé náà, set ló gba iwájú; run ti wá fi í sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ọmọ Ṣáínà tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í tètè mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ tó báyẹn. Láti 2001 ni ìjọba Ṣáínà ti pàṣẹ pé kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹta, run sì wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọdé kọ́kọ́ ń bá pàdé. Wọ́n á fi àwòrán ọmọ tó ń sáré hàn án, wọ́n á kọ run sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á kọ pǎo sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Pǎo yìí, tí ohùn rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ kó tó gbéra díẹ̀, ni ọ̀rọ̀ tí Mandarin ní fún eré sísá. Ìdọ́gba náà kò burú fún ọjọ́ kìíní. Ibi tó ti ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í kúrò lórí rẹ̀ mọ́. Wọ́n á gbé e dé girama, wọ́n á gbé e dé yunifásítì, gbogbo run tí wọ́n bá rí ni wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ sí.

Ẹsẹ̀ kọ́ ni ìpìlẹ̀ run. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, rinnan ni ọ̀rọ̀ náà, bí wọ́n ṣe ń lò ó fún ènìyàn tó ń sáré ni wọ́n ń lò ó fún omi tó ń ṣàn. Èdè Jámánì, tí í ṣe ìbátan Gẹ̀ẹ́sì, ṣì pa méjèèjì mọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: rennen fún eré sísá, rinnen fún ohun tó ń ṣàn tàbí tó ń jò. Nítorí náà, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá ní her nose is running, tí ikun ń dà nímú ọmọ, kì í ṣe àwàdà pé imú ń sá eré. Ìtumọ̀ yẹn ti pẹ́ nínú ọ̀rọ̀ náà bí eré sísá ṣe pẹ́ níbẹ̀. Ohun tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni ìrìn tí kò dúró: nǹkan ń lọ, ó ń tẹ̀síwájú lójú ọ̀nà rẹ̀, kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Odò ń lọ, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì ń ná ọ̀nà, ilé iṣẹ́ kò ti ìlẹ̀kùn, eré orí ìtàgé ṣì ń lọ lọ́wọ́. Run ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbogbo wọn.

Èdè Ṣáínà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń lọ ló kọ́kọ́ ń wò, kó tó yan ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá a mu. Bó bá jẹ́ omi, tàbí ikun imú, liú ni. Bó bá jẹ́ ètò inú kọ̀ǹpútà, yùnxíng ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Bó bá jẹ́ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí nínú omi, tí Gẹ̀ẹ́sì á sọ pé the colours ran, diàosè ni, ìyẹn ni pé àwọ̀ ń bọ́. Aago ló tilẹ̀ gbádùn mọ́ni jù. Lójú Gẹ̀ẹ́sì, aago ń sáré: my watch is running slow. Lójú ará Ṣáínà, aago ń rìn ni, zǒu ni wọ́n ń sọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, zǒu yìí gan-an ló túmọ̀ sí eré sísá nínú èdè Ṣáínà ayé àtijọ́, kó tó rọ̀ wálẹ̀ di ìrìn lásán lẹ́nu àwọn tó ń sọ Mandarin. Àwọn tó ń sọ Cantonese ní Hong Kong àti Guangzhou ṣì ń lo ẹ̀yà tiwọn fún ẹni tó sá lọ.

Ẹni tó bá ṣí atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Ṣáínà tí Lu Gusun ti Yunifásítì Fudan ní Shanghai jẹ́ olóòtú àgbà fún, tí ìdìpọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1989, tí èkejì tẹ̀ lé e ní 1991, á fi ojú ara rẹ̀ rí ìpínyà yìí. Pǎo kàn jẹ́ ọ̀kan péré láàárín ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe Ṣáínà tí wọ́n pín iṣẹ́ run láàárín ara wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá há gbogbo wọn sórí bí ẹni há ìsọdipúpọ̀ ń fi ara rẹ̀ ṣòfò. Èyí tó bá wo olùwà gbólóhùn kó tó wo run, tó bi ara rẹ̀ pé kí ló ń lọ níbí yìí, ti rí ọ̀nà àbùjá.

Pǎo náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan o. Ó ní àkànlò èdè tirẹ̀, díẹ̀ nínú wọn sì bá ti run mu débi pé ó ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ kiri lọ́jà tàbí ní ọ́fíìsì ń pǎotuǐ, ó ń sá ẹsẹ̀ kiri. Gẹ̀ẹ́sì ní he runs errands. Olè tó bọ́ mọ́ ọlọ́pàá lọ́wọ́ ti pǎo, Gẹ̀ẹ́sì ní he ran. Inú tó ń ṣu láìdáwọ́dúró, Ṣáínà ń pè é ní pǎodù, ìyẹn ni pé ikùn ń sáré, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń pè é ní the runs nígbà tí wọn ò bá sí níwájú àgbà. Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti rí irú ìbáramu mẹ́ta yìí, ó di dandan kó rò pé ìkẹrin wà. Ìrètí yẹn máa ń já a kulẹ̀. Akọrin tí ohùn rẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà orin ń pǎodiào lédè Ṣáínà, àròkọ tó fi kókó rẹ̀ sílẹ̀ ń pǎotí. Run kò ní iṣẹ́ kankan ṣe nínú méjèèjì lédè Gẹ̀ẹ́sì. Òṣèré tí kì í gba ipò gidi, tó jẹ́ pé àárín èrò lẹ́yìn ọba ló máa ń dúró sí nínú eré, ni wọ́n ń sọ pé ó ń pǎo lóngtào. Aṣọ tí wọ́n ya àwòrán dírágónì sí, tí irú àwọn òṣèré bẹ́ẹ̀ máa ń wọ̀ nínú eré olórin Ṣáínà ìbílẹ̀, ni lóngtào. Ẹni tó bá gbé èyí lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà, kò sí ẹni tó máa mọ ohun tó ń wí.

Ibòmíràn wà tí gírámà Ṣáínà ti ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìrànlọ́wọ́ tí kò retí. Ṣáínà máa ń to ọ̀rọ̀-ìṣe lé ara wọn láti fi ọ̀nà tí ìrìn gbà hàn. Pǎo chūqù ni sáré jáde lọ, pǎo jìnlái ni sáré wọlé wá, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ipò sí ipò. Yorùbá tó bá gbọ́ èyí kò ní nílò àlàyé. Nítorí náà, run out of the room kì í dààmú ọmọ Ṣáínà rárá; ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn ti ìrìn lẹ́yìn. Ọjọ́ tí run out of bá kúrò nínú yàrá, tó bọ́ sórí mílíìkì, ni nǹkan ń dojú rú.

Nínú èdè Ṣáínà, ẹni tí mílíìkì tán nílé rẹ̀ á sọ pé niúnǎi hē wán le. Niúnǎi ni mílíìkì, hē ni mu, wán ni tán, le ló ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Mu tán, jẹ tán, lò tán: ọwọ́ kan náà ni Yorùbá àti Ṣáínà fi mú un. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà méjì. Ó lè ní the milk has run out, kí mílíìkì jẹ́ olùwà. Ó sì lè ní we have run out of milk, kí àwọn onílé di olùwà, bí ẹni pé àwọn fúnra wọn ló sáré jáde. Níbí ni àṣìṣe ti ń ya wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á kọ the milk has been run out, nítorí ó mọ̀ pé ẹnìkan ló mu ún, ó sì fẹ́ kí gbólóhùn rẹ̀ fi hàn pé wọ́n ṣe nǹkan sí mílíìkì. Òmíràn á kọ we have run out milk, á gbàgbé of. Òmíràn á so méjèèjì pọ̀: the milk has run out of, gbólóhùn á wá dúró lójú ọ̀nà láìní àbọ̀.

Òfin tí àwọn olùkọ́ ń kọ sójú pátákó fún èyí kò ju ìlà méjì lọ. Nǹkan ló ń run out, kò ní àbọ̀, wọn kì í sì yí i padà sí been run out. Ènìyàn ló ń run out of nǹkan. Ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún gāokǎo, ìdánwò tó ń ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì, kò gbọ́dọ̀ fi òfin yìí ṣeré. Òfin náà wúlò, àmọ́ kò pé. Mọ́tò lè run out of epo, ilé-ìwòsàn lè run out of oògùn, bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò kì í ṣe ènìyàn. Ohun tó yẹ kí wọ́n sọ ni pé ẹni tàbí ohun tí nǹkan tán lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń gba run out of. Àti pé run tó wà níbẹ̀ kò jẹ mọ́ ẹsẹ̀. Ti ìṣàn ni. Ní ayé tí wọ́n ń fi iyanrìn inú ìgò wo aago, iyanrìn á máa dà sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán: the sand has run out. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ojú inú wo iyanrìn yẹn kò tún ní bèèrè ẹni tó sáré.

Ìtumọ̀ kan wà tó ń kó àgbà akẹ́kọ̀ọ́ sí yọ́ọ́yọ́ọ́, ìyẹn run tó dúró fún dídarí nǹkan. Gẹ̀ẹ́sì ní she runs a company, he runs a restaurant. Àlàyé rẹ̀ kò ṣòro: bí ilé iṣẹ́ bá ń lọ, ẹni tó ń mú un lọ ló ń run ún. Ṣáínà ní jīngyíng fún òwò, ó ní guǎnlǐ fún àbójútó, àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé oúnjẹ, ohun tó máa ń yọ sí wọn lẹ́nu ni kāi, tó túmọ̀ sí ṣí. Wǒ bàba kāi fànguǎn, bàbá mi ní ilé oúnjẹ kan tó ń darí. Ọmọ náà á wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé my father opens a restaurant. Àlejò Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ ọ á rò pé bàbá náà ló máa ń mú kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, tàbí pé ọdọọdún ló ń dá ilé oúnjẹ tuntun sílẹ̀. Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú gbólóhùn náà, ìdí sì nìyẹn tí olùkọ́ fi máa ń fò ó kọjá. Àṣìṣe tí kò jọ àṣìṣe ló ń pẹ́ jù lẹ́nu ènìyàn.

Ti òṣèlú le ju ti ilé oúnjẹ lọ. Ará Amẹ́ríkà tó ń du ipò ààrẹ, he is running for president. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dídúró ni olóṣèlú ń dúró: she is standing for Parliament. Ṣáínà ní jìngxuǎn fún ìdíje ìbò, ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹsẹ̀ nínú. Pǎo náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ ipò. Pǎoguān ni kí ènìyàn máa sá kiri nítorí oyè, kí ó máa lọ sílé àwọn ọ̀gá, kí ó máa gbé ẹ̀bùn lọ́wọ́, kí ó máa bẹ àwọn alágbára kí wọ́n lè fi í sípò. Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ń ka pǎoguān sí ìwà ìbàjẹ́, òfin ìbáwí wọn sì máa ń dárúkọ rẹ̀. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá túmọ̀ run for office sí pǎoguān ti sọ olùdíje tó dúró síta níwájú àwọn olùdìbò di ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Run tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Eré The Mousetrap tí Agatha Christie kọ bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1952, wọn kò sì dá a dúró títí àrùn Kòrónà fi ti àwọn ilé ìṣeré pa ní 2020; irú ìtẹ̀síwájú bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní a long run. In the long run wá túmọ̀ sí bó pẹ́ bó yá. Ní oṣù September 2007, àwọn oníbàárà Northern Rock tò lọ rẹrẹ níwájú báńkì náà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti gba owó wọn padà: a run on the bank. Jǐduì ni Ṣáínà ń pe ìyẹn, kí èrò máa fún ara wọn pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba owó. Gẹ̀ẹ́sì rí àwọn tó ń sáré bọ̀, Ṣáínà rí ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn àkópọ̀ bíi run into, run over, run through àti run up ni akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà máa ń yẹra fún jù. Ní 2004, Yan Liao àti Yoshinori Fukuya gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ èdè tó ń jẹ́ Language Learning. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ Ṣáínà tí Gẹ̀ẹ́sì wọn wà ní àárín-méjì ń sá fún irú àkópọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò hàn lójú. Àwọn tó ti jinlẹ̀ nínú èdè náà kì í sá fún un tó bẹ́ẹ̀. Èyí fi hàn pé ìbẹ̀rù náà ṣeé borí. Kò sì burú kí ẹni tí kò dá lójú sọ meet dípò run into, nítorí àṣìsọ níbẹ̀ léwu. I ran into my teacher yesterday túmọ̀ sí pé mo ṣèèṣì pàdé olùkọ́ mi, ohun tí Ṣáínà ń pè ní pèngjiàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé into tó fi over dípò rẹ̀, ó ti fi mọ́tò gun olùkọ́ náà mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbà kò yé fa wàhálà. Mandarin kì í yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà nítorí àná tàbí òní, àmọ́ run ń di ran, ó sì tún ń padà di run lẹ́yìn have. Ó yẹ kí ìpadàbọ̀ yìí rọrùn, àmọ́ òun gan-an ló ń mú kí wọ́n máa kọ have ran, nítorí wọ́n gbà pé ohun tó ti kọjá gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Fáwẹ́lì inú ran náà kò sí nínú Mandarin, ọ̀pọ̀ ń pè é sítòsí run, olùgbọ́ kì í sì mọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn àyàfi bí wọ́n bá dárúkọ ọjọ́.

Lẹ́tà mẹ́ta yìí, r, u, n, tún ní ìtàn mìíràn ní Ṣáínà. Láti 1958 ni ìjọba ti gba Pinyin, ìlànà tí wọ́n fi ń fi lẹ́tà Látìnì kọ ìró Mandarin. Nínú rẹ̀, run jẹ́ ọ̀nà ìkọ rùn, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọ̀rinrin, dídán, tàbí èrè. Ìró rẹ̀ kò jọ run ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà ìkọ nìkan ló bá a mu. Àwọn ọ̀dọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì rí ìbáramu yẹn, wọ́n sì sọ rùn di ọ̀rọ̀ àdììtú fún kíkó kúrò ní Ṣáínà lọ gbé òkè òkun. Ó gbòde ní 2022, nígbà tí wọ́n ti Shanghai pa nítorí Kòrónà. Wọ́n tilẹ̀ dá rùnxué sílẹ̀, ìmọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń lọ. Jápa tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ń sọ gan-an nìyẹn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà ti ń sọ pǎo chéngxù fún ohun tí ìwé ń pè ní yùnxíng, kí ètò kọ̀ǹpútà máa sáré, nítorí run ni wọ́n ń tẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìtumọ̀ tuntun tí rùn ní yìí, ti kíkó lọ sókè òkun, kò tíì padà sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó fẹ́ kó lọ sí ìlú mìíràn á sọ pé I want to leave tàbí I want to emigrate. Ọmọ Ṣáínà tó bá dúró síwájú òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì físà, tó wá sọ pé I want to run, ó ti fi ara rẹ̀ hàn bí ẹni tó fẹ́ lọ ná ẹsẹ̀, tàbí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé.